Kí Ọwọ́ Agbẹ̀bí Má Tutù Lórí Alùpùpù

Clonsilla,
Dublin, ní Ireland.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Morẹ́nikẹ́ mi, Àjíkẹ́ ọmọ Bọ̀sẹ̀,

Ṣé dáadáa lo jí? Mo mọ̀ pé bí mo bá béèrè lórí fóònù, "I'm grand, Mammy" lo máa sọ, wàá sì ní o ń lọ síbì kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Jókòó, kí o fara balẹ̀ kà á. Gbogbo Sátidé tí mo fi kọ́ ọ ní ABD lórí tábìlì ilé ìdáná, tí o ń sunkún pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wo tẹlifíṣọ̀n, òní ni mo fẹ́ jèrè rẹ̀. Má fi fóònù túmọ̀ rẹ̀ o. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, kà á sókè, etí rẹ á gbọ́ ohun tí ojú rẹ kò mọ̀.

Ọmọ mi, o ṣe é! Nígbà tí o pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé o ti yege ìdánwò alùpùpù, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ọ padà lẹ́ẹ̀kan, àwo ni mo ń kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé àwo sílẹ̀, mo jó yí ilé ìdáná po. Kí n tó mí kanlẹ̀, o tún ní ilé ìwòsàn ti gbà ọ́, pé Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ìwọ, Morẹ́nikẹ́, agbẹ̀bí! Mo kígbe débi pé àwọn ará ilé kejì kan ògiri. Jẹ́ kí wọ́n kàn án. Inú mi dùn, mo sì fẹ́ kí àdúgbò mọ̀.

Bàbá rẹ ní tirẹ̀ kò jó. Ó dúró títí ariwo mi fi lọ sílẹ̀, ó ní, "Ó dáa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kó ta alùpùpù yẹn. Láti Adamstown dé àárín ìlú lójoojúmọ́, nínú òtútù yìí? Bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀." Mo ní n ó bá ọ sọ̀rọ̀. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe pé kí o tà á. A jọ fà á títí, kó tó gbà fún mi báyìí: lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí o gun alùpùpù rẹ láti Adamstown wá síbí. Bí ọwọ́ rẹ bá gbóná nígbà tí o bá sọ̀, kò ní sọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé. Bí ó bá tutù, èmi fúnra mi ni yóò bẹ̀ ọ́ kí o máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́. Mo ti fi orúkọ mi dúró fún ọ. Jọ̀ọ́, má dójú tì mí.

Mo ti rí ìbọ̀wọ́ rẹ ná. Ọjọ́ tí o wá jẹun, orí àga lo fi í sí. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Ó dára fún fọ́tò. Ọwọ́ rẹ tí mo dì mú lọ́jọ́ náà, bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìsà ló rí. O ní, "It's only a bit nippy, Mam." Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìgbà òtútù méje ni mo fi gun alùpùpù nínú ìlú yìí, mo sì ní àkísà ìbọ̀wọ́ tó lè kún àpótí.

O mọ̀ pé irun dídì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ayé níbí. Nígbà tí wọ́n fún wa níwèé ìgbélùú tán, ilé dé ilé ni mo ń lọ dirí: Tallaght, Lucan, Citywest, bọ́ọ̀sì méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà ní Ìsẹ́yìn, ti kọ́ mi ní alùpùpù láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà mo ra kékeré kan tó ti rí ayé, pupa, èyí tí o máa ń gùn nínú ṣẹ́ẹ̀dì tí o ń fi ẹnu ṣe "vrum". Gígùn kọ́ ni wàhálà mi. Mo mọ̀ ọ́n gùn. Òtútù ni n kò mọ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, nítorí náà wá gbọ́ bí mo ṣe jìn.

Èkíní. Ìgbà òtútù kì í ṣe ọyẹ́. Ọyẹ́ ni mo mọ̀ nílé. Bí ọyẹ́ bá mú, a ó fi òrí para, a ó sì máa bá tiwa lọ. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí yìnyín bo ìjókòó alùpùpù mi, mo ní kí ni mo tún ń wá. Mo fi òrí pa ọwọ́ méjèèjì. Mo tún wò ó pé kò tó, mo mú ìpara olóòórùn líle, èyí tí ìyá mi máa ń fi pa wá láyà bí a bá ní ọ̀fìnkìn, mo fi pa wọ́n dáadáa, mo wá kó ìbọ̀wọ́ lé e. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ń jó lala. Mo ń kọrin. Mo ní àwọn òyìnbó yìí kò gbọ́n. Nígbà tí mo dé iná pupa ní Lucan, atẹ́gùn ti wọ inú ìbọ̀wọ́, ìpara yẹn sì wá sọ òtútù di méjì. Imú mi ń ṣàn. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, mo gbé gíláàsì akoto sókè, mo fi ọwọ́ nu ojú.

Ọmọ mi, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. N kò rí nǹkan kan o. Iná di aláwọ̀ ewé, àwọn ọkọ̀ ń fun fèrè lẹ́yìn mi, èmi ń ké "Yé! Ojú mi!" lórí alùpùpù. Obìnrin kan ló bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, tó bá mi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń bi mí pé ta ló kú. N kò lè sọ pé ìpara ni.

Ìmọ̀ràn ibẹ̀ ni pé kí o má fi ohunkóhun pa ọwọ́ kí o tó wọ ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ gbígbẹ ni kí o ki bọ̀ ọ́, kí ìbọ̀wọ́ náà sì gbẹ. Ohun tó ń ta ara lásán ń tan ara jẹ ni. Ìpara wà fún alẹ́, nígbà tí o bá ti délé.

Èkejì. Má wọ ìbọ̀wọ́ lé ara wọn bí ẹni ń di ẹ̀kọ. Lẹ́yìn ìpara, mo ní ó dáa, ìbọ̀wọ́ mẹ́ta ni n ó máa wọ̀. Mo tún fi ọ̀rá búrẹ́dì sáàárín. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: ọwọ́ mi làágùn nínú ọ̀rá yẹn, òógùn náà sì tutù, ó wá dà bí ìgbà tí mo ki ọwọ́ bọ omi kànga. Ìbọ̀wọ́ mẹ́ta náà sì fún mi débi pé ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà dé orí ìka. Ní rándábáòtù kan, mo fẹ́ di bíréèkì mú. Mo rán ìka níṣẹ́, ìka kò jẹ́. Mo wọ inú igi ọgbà ẹlòmíì tààrà, èmi àti àpò àtááṣìmẹ́ǹtì mi.

Bàbá Morẹ́nikẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ó ka lẹ́tà yìí kí n tó fi í ránṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọgbẹ́ orúnkún tí mo ní mo rí he lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe àtẹ̀gùn. Igi ọgbà ni. Ẹ foríjì mí. Ó ti pẹ́.

Ìwọ, ra ìbọ̀wọ́ ńlá kan tí atẹ́gùn àti òjò kò lè gbà kọjá, tí àyè díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Fi tín-ín-rín kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀. Bí o bá di ẹ̀ṣẹ́ nínú rẹ̀ tó sì ń fún ọ, ó ti kéré jù. Kí ọrùn rẹ̀ gùn wọ inú apá jákẹ́ẹ̀tì, torí ọrùn ọwọ́ ni atẹ́gùn olè máa ń gbà wọlé. Má sì di hándù mú bí ẹni di ọ̀tá mú. Ẹ̀jẹ̀ kò fẹ́ ìfúnpọ̀.

Denny ló kọ́ mi ní ẹ̀kẹta. Bóyá o rántí rẹ̀, àgbà ọmọ Irish tó ń gbé ní ilé kẹta sí wa, tó máa ń fún ọ ní bisikíìtì lórí ògiri. Ó ti fi alùpùpù jẹ́ iṣẹ́ káàkiri ìlú yìí nígbà èwe rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó rí mi tí mo ń fẹ́ ọwọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Missus, kì í ṣe ọwọ́ yín ló ń tutù. Àyà yín ni." Mo rò pé ó ti mutí. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Bí àyà bá tutù, ara á pe ẹ̀jẹ̀ padà sí àárín, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á sì dúró láìrí nǹkan kan. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Bí oúnjẹ bá kéré, àwọn tó wà nílé ni ìyá máa kọ́kọ́ bù fún, àwọn tó wà lóko á ṣe sùúrù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn lábẹ́, mo ń wé ìborùn mọ́ ọrùn, mo sì ń mu ẹ̀kọ gbígbóná kí n tó jáde. Ìdajì òtútù ọwọ́ mi lọ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan ìbọ̀wọ́.

Denny kan náà ló bá mi ṣe ìbòrí hándù. Ó gé aṣọ rọ́bà tí àwọn òmùwẹ̀ òkun ń wọ̀, ó rán an bí àpò méjì, ó so ó mọ́ hándù alùpùpù lọ́tùn-ún lósì, kí n máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Put your paws in them yokes," ó ní, "you'll be grand." Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo gùn ún dé Tallaght, mo débẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó gbóná bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó rẹwà? Rárá o. Ó burú jáì.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó ju gbogbo wọn lọ, òun sì ni ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

Mo gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí mo ṣe ń gbé e dúró, arábìnrin kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, pariwo níwájú gbogbo ìjọ: "Sister Bọ̀sẹ̀! Àpò gàrí wo lẹ tún so mọ́ hándù yìí? Ṣé ẹ ti di ọlọ́kadà ní Dublin ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ẹ̀rín bò ó. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tú ìbòrí Denny kúrò, mo tì í sábẹ́ ibùsùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Kẹ́mi, oníbàárà mi kan, pè mí láti Citywest. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù. Ìwọ tí o jẹ́ agbẹ̀bí báyìí, wàá rí i fúnra rẹ: àwa kì í fẹ́ lọ bímọ pẹ̀lú orí játijàti. Bí ọmọ bá ti dé, ta ló tún ráyè irun, àlejò á sì kún ilé. Kẹ́mi ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, lónìí ni o. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé kò ní pẹ́ mọ́." Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ronú kan ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn. Mo tún ronú kan ẹ̀rín wọn. Mo fi í síbẹ̀, mo lọ.

Nígbà tí mo dé Citywest, n kò mọ ọwọ́ mi lára mọ́. Kẹ́mi jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo mú òòyà, òòyà bọ́. Mo mú un, ó tún bọ́. Mo fẹ́ fi ìka méjì mú irun, àwọn ìka náà ń wò mí bí àlejò. Ó ní, "Aunty, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni. Mo dìde bí ẹni fẹ́ mumi, mo da omi kẹ́tùlù sínú abọ́, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Morẹ́nikẹ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ láyé rẹ! Bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún mi láti inú egungun ni. Mo ké.

Kẹ́mi sáré wọlé pẹ̀lú ikùn ńlá yẹn. "Ah-ah, Aunty! Ọwọ́ yín ti di eérú!" Kò bi mí léèrè kankan mọ́. Ó jókòó, ó fa ọwọ́ mi méjèèjì, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ ikùn rẹ̀, ó fi ìró bò wọ́n. Mo ní, "Rárá, ọmọ inú rẹ á gbọ̀n." Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gbọ̀n. Òun náà ti ń ta mí nípàá láti àárọ̀." A jókòó bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi mọ̀ lára nígbà tó jí padà ni ẹsẹ̀ ọmọ, tó ta mí ní àtẹ́lẹwọ́. Mo sunkún, ojú sì tì mí. Aláboyún ló ń fi ooru ọmọ rẹ̀ yá mi, torí pé mo ń sá fún ẹ̀rín àwọn tí kò bá mi gun alùpùpù.

Mo dirí náà. Nígbà tí mo dé ìdajì, ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ń mi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, Kẹ́mi ní, "Ẹ parí ẹ̀, Aunty. Mi ò lọ pẹ̀lú ìdajì orí." Bí ó bá rọ̀ ọ́ lára, mo tẹ̀ síwájú. Bí ó bá mú un, mo dúró, mo di èjìká rẹ̀ mú. Ìka mi ń fò! Mo parí ṣùkú náà, ó dúró gangan, n kò di irú rẹ̀ rí, n kò sì tíì di irú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé ni, "Jaysus, your hair is only gorgeous."

Mo délé, mo fa ìbòrí Denny jáde lábẹ́ ibùsùn, mo so ó padà ní ìta gbangba níṣojú gbogbo àdúgbò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbé e dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Nígbà tí ìgbà òtútù kejì fi máa dé, ọkọ arábìnrin tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí mo ti rí i, torí iṣẹ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo júwe ilé Denny fún un. N kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó dáa, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.

N kò rántí iye tí mo kà dé mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ni olórí gbogbo rẹ̀: má jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti gbóná. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ lè pè é ní àpò gàrí. Kí wọ́n máa pè é.

Àwọn kéékèèké tó kù nìyí. Mo gbọ́ pé hándù tó ń fi bátìrì gbóná wà báyìí. Bí o bá lè ní i, ní i, ṣùgbọ́n má torí ẹ̀ pa ìbòrí tì, torí àtẹ́lẹwọ́ nìkan nìyẹn ń mú gbóná, ẹ̀yìn ọwọ́ ni atẹ́gùn ń jẹ. Bí o ṣe ń sáré sí i ni òtútù ń le sí i. Bí o bá dúró níbi iná pupa, fi àtàǹpàkò kan ìka ọmọńdinrín. Bí wọn kò bá lè pàdé, bọ́ sílẹ̀, kí o ki ọwọ́ bọ abíyá títí wọn yóò fi jọ kí ara wọn. Pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní ẹ̀bẹ̀. Bíréèkì tí a kò lè dì mú kò ní ẹ̀bẹ̀.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí n kò sọ fún ọ rí. Ọjọ́ tí mo bí ọ, òtútù mú gan-an. Agbẹ̀bí tó gbà ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta dé ni. Èèyàn dáadáa ni, ó dúró tì mí bí ọmọ ìyá mi, nígbà tí n kò ní ọmọ ìyá kankan nílùú yìí. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe fọwọ́ kàn ọ́, o fi igbe ta débi pé ara rẹ le gbandi. Ó ní, "Sorry, pet. Cold hands." Ó fi ọ́ lé mi láyà, o sì dákẹ́. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. N kò bínú sí i rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti ní iṣẹ́ yìí lo fẹ́ ṣe ni mo ti ń rántí igbe náà. Ọmọ tó ń bọ̀ láti ibi tó gbóná jù láyé, ọwọ́ rẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ nínú ayé wa yìí. Láti Ọjọ́ Ajé lọ, Àjíkẹ́, ọwọ́ rẹ kì í ṣe tìrẹ nìkan mọ́.

Nínú àpò tó bá lẹ́tà yìí dé, wàá rí ìbòrí Denny. Denny ti lọ sinmi, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n okùn tó fi rán an kò tíì já. Mo fi ìrẹ́pẹ́ ìró mi aláwọ̀ aró tẹ́ inú rẹ̀. Ó ṣì burú jáì. Bàbá rẹ wò ó, ó mi orí, ó ní, "Èyí náà ni ọmọ máa gbé láàárín ìlú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni.

Olúwa yóò wà níwájú rẹ àti lẹ́yìn rẹ lójú títì. Ọwọ́ rẹ yóò gba ọmọ láàyè, yóò gba ìyá láàyè. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní òun kò tíì yí ọ̀rọ̀ òun padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí o bá dé, má kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bọ́ ìbọ̀wọ́, kí o na ọwọ́ rẹ méjèèjì sí bàbá rẹ. Èmi á ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, akoto mi á ti wà lórí. Bí ó bá ti ní "Ó gbóná" báyìí, sún síwájú lórí ìjókòó, kí o gbé mi sẹ́yìn. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni a ó kọ́kọ́ gbà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bọ̀sẹ̀, ọlọ́kadà àkọ́kọ́ ní Clonsilla.